Oògùn Tó Ń Bá Oúnjẹ Ọmọ Mi Rìn

Ọmọbìnrin mi kò lè dédé jẹun. Kì í ṣe pé kò fẹ́ jẹun. Bóyá ni ọmọ kan wà ní gbogbo Houinmè, àdúgbò wa, tó fẹ́ràn oúnjẹ tó o. Ṣùgbọ́n kí òkèlè àkọ́kọ́ tó kọjá ọ̀fun rẹ̀, oògùn gbọ́dọ̀ ti ṣíwájú wọlé. Bí oògùn bá ṣíwájú, oúnjẹ á di ẹran ara. Bí kò bá ṣíwájú, oúnjẹ á gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú ajere kọjá, á fi inú rírun sílẹ̀ fún un, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ ti lóye rẹ̀ kó tó lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn àgbàlagbà tí mo ṣàlàyé fún títí ẹnu mi fi gbẹ, tí wọ́n mi orí, tí wọ́n ní àwọn ti gbọ́, tí wọ́n sì lọ ṣe ohun tó wù wọ́n.

Tapisiyé ni mí. Àga ni mò ń wọ̀ láṣọ: àga ńláńlá tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀, ìjókòó mọ́tò, tìmùtìmù. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì ní Houinmè níbí, ní Àjàṣẹ́, ilé wa kò sì jìnnà sí i. Ìyàwó mi ń ta aṣọ lọ́jà ní Kútọnu. Òwúrọ̀ kùtù ló ń wọ mọ́tò, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Nítorí náà oúnjẹ ọ̀sán ọmọ bọ́ sí mi lọ́wọ́, gbogbo ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí a bí ọmọ náà, ìyá mi wá láti Avrankou láti máa wẹ̀ ẹ́. Níjọ́ kan ó fẹnu kan iwájú orí rẹ̀, ó lá ètè, ó ní ọmọ yìí dùn bí iyọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé àìsàn náà gan-an ni à ń fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń mu ọmú bí ẹni tí ebi ti ń pa bọ̀ láti ọ̀run. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ, bó ti ń jẹ ẹ̀kọ ló ń wá ẹ̀kọ. Síbẹ̀ apá rẹ̀ tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ rí bàǹbà. Ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n da epo lé e, òórùn rẹ̀ sì ń lé èèyàn jáde nínú yàrá.

Ìyàwó mi ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní aṣọ tó ń tà ló gbájú mọ́, wọ́n ní kì í bọ́ ọmọ. Ní ilé ìwòsàn kan tí a gbé e lọ, nọ́ọ̀sì kan bi í létí gbogbo èrò, pẹ̀lú Faransé, bóyá ó tiẹ̀ máa ń rántí pé ọmọ ní ẹnu. Ìyàwó mi ká ọmọ mọ́ àyà, ó ń wo ilẹ̀. Mo dúró tì í, mi ò bá nọ́ọ̀sì náà jà, nítorí à ń retí oògùn lọ́wọ́ ẹni tó bú wa. Aràn ni, wọ́n fún wa ní oògùn aràn. Ibà ni, wọ́n fún wa ní oògùn ibà. Lẹ́yìn náà wọ́n tún padà sórí aràn. Ní àdúgbò, àwọn kan ti ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pe ọmọ mi ní orúkọ tí mi ò ní kọ síbí. Ìyá mi se àgbo wá láti Avrankou. Mi ò bínú sí i rárá. Nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀, òun nìkan ni kò wá lọ́wọ́ òfo.

Obìnrin dókítà kan ní Kútọnu ló dá a mọ̀ níkẹyìn. Ó wo ọmọ, ó wo èékánná rẹ̀, ó tẹ ikùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bi wá ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wá rí. Ó ní, "Tí ẹ bá fẹnu ko ọmọ yìí lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣé iyọ̀ ló máa ń ta?" Ìyàwó mi bú sẹ́kún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé, a sì dúró de èsì pẹ́. Mukofisidósì ni wọ́n ń pè é. Dókítà ṣàlàyé pé omi ara tó yẹ kó máa ṣàn nínú ọmọ náà ki bí oje igi. Ó ń dí i ní ẹ̀dọ̀fóró. Ó sì ti dí ọ̀nà ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, èyí tó ń tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun. Oúnjẹ ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa dà á. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe ọwọ́ ayé, pé èmi àti ìyàwó mi ni a jọ gbé e fún un láìmọ̀, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ omi náà ni wọ́n wá fún un. Jẹlúlù ni, ike tẹ́ẹ́rẹ́ alábala méjì, tí èèyàn lè ṣí. Inú rẹ̀ kún fún hóró wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà tí kò tíì gbó. A kò rí i rà ní farmasí kankan ní Àjàṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi tó wà nílẹ̀ Faransé ló ń fi rán àwọn tó ń bọ̀ nílé. Ọmọ ò lè gbé jẹlúlù mì, nítorí náà a máa ń ṣí i, a ó da hóró rẹ̀ sórí ọ̀pẹ òyìnbó tí a gún kúná nínú ṣíbí. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ gbígbóná, ooru á pa á. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ fi eyín rún un, agbára rẹ̀ á tán lẹ́nu. Lẹ́yìn náà omi, kí ìkankan má ṣẹ́kù sí èrìgì, nítorí hóró tó yẹ kó da ẹran inú ikùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹnu ọmọ. Tí oúnjẹ bá pẹ́ nílẹ̀, tí ọmọ ń fi í ṣeré, a ó pín in sí méjì, kí apá kejì wọlé láàárín oúnjẹ.

Iye tó máa lò ni ìṣòro tó tóbi jù. Dókítà wọn ọmọ, ó sọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá, nítorí àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀ nínú ìfun. Láàárín méjèèjì, epo inú oúnjẹ ni yóò máa sọ fún wa. Ìwé tó wà nínú páálí oògùn náà sọ̀rọ̀ bọ́tà, ó sọ̀rọ̀ wàrà dídì àti ànàmọ́ dídín. Kò sọ̀rọ̀ àkàrà. Kò mọ ẹ̀pà tí a lọ̀ sínú ọbẹ̀, kò mọ ẹ̀fọ́ tí epo pupa ń ṣàn lórí rẹ̀. Àwa ni a wá a rí fúnra wa, láti inú póò, ike tí ọmọ ń yàgbẹ́ sí. Láràárọ̀ ni mò ń wo ìgbẹ́ ọmọ mi bí ẹlòmíràn ṣe ń wo ojú sánmà. Tó bá ń dán, tó léfòó, oògùn àná kò tó. Tó bá le jù, mo fura pé ó ti pọ̀ jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é, nítorí ara ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Ó ń sáré. Ó ń sùn láìdi ikùn mú.

Ìgbà yẹn ló tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, èyí tí àwa ń pè ní matẹnẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó mi ní kó dúró sílé ọdún kan sí i. Èmi ni mo ní kó lọ. Ó ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á máa wo àwọn ọmọ tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn títí wọ́n á fi yà ní kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ nígbà náà kò ṣeé wò.

Dirẹktírìsì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, jẹ́ obìnrin Gùn kan, àgbà, oníwọ̀nba ọ̀rọ̀. Ó gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dá èèyàn lóhùn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òfin wọn ni pé tíṣà kankan kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní oògùn. Mo ní ó dára, èmi fúnra mi á máa wá lọ́sàn-án. Ó gbà, ó ní kí n máa ṣe é lábẹ́ àtíbàbà ẹnu géètì, kì í ṣe nínú kíláàsì. Ó ku ìpápánu aago mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń pè ní gutẹ́. Ní ti ìyẹn, mo ní èso nìkan ni ọmọ mi yóò máa jẹ, nítorí èso kò bèèrè oògùn.

Mo lọ bá tíṣà tó ni kíláàsì, ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní Tata. Ọmọ Nàgó bíi tiwa ni, láti ọ̀nà Akpro-Missérété, kò tíì lè pé ọgbọ̀n ọdún. Mo sọ ọ́ fún un ní èdè wa, láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́: ohun tó lépo, ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, kí wọ́n má fún un àfi tí mo bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó ní, "Mo ti gbọ́, papa." Ohùn rẹ̀ dùn. Mo gun alùpùpù mi padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọkàn mi balẹ̀.

Ó lọ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, mo máa gbé oúnjẹ àti oògùn, ọmọ á sáré wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà, á la ẹnu kí n tó ṣí jẹlúlù. Àwọn ọmọ míì á rọ̀gbà yí wa ká, wọ́n á ní kí n fún àwọn náà ní bọ́ńbọ́n.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìgbẹ́ yí padà. Ó tún ń dán, òórùn rẹ̀ sì padà dé. Ọmọ ń di ikùn mú. Mo rò pé ooru ti ba oògùn jẹ́, nítorí iná ń lọ ṣáá. Mo gbé e kúrò nínú fíríìjì, mo fi í sínú ìkòkò amọ̀ tí mo rì mọ́ inú iyanrìn tútù. Kò yí padà. Mo rò pé epo ọbẹ̀ wa ti pọ̀ jù, mo dín in kù, ọmọ ń sunkún pé ọbẹ̀ kò dùn. Kò yí padà. Mo fi kún oògùn títí mo fi kan ibi tí dókítà ní a kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Ibẹ̀ ni ìjà wọ ilé wa. Ìyàwó mi ní èmi ni mò ń fún un lọ́sàn-án, àfi kí n máa yára nítorí iṣẹ́. Mo ní òun ló ń fún un lálẹ́, àfi kó máa tòògbé sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkarahun jẹlúlù tí mo ti lò sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá mo dà á tán. Mo rí i tó ń ṣe é, ó dùn mí dé egungun, bẹ́ẹ̀ èmi náà ń ka tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Èmi àti ẹni tí mo fẹ́, ẹni tí wọ́n ti fi ẹnu gún tó lójú mi, a ń ṣọ́ ara wa bí ọlọ́jà ṣe ń ṣọ́ olè. A gbé ọmọ lọ sí Kútọnu. Ó ti fọn. Dókítà bi wá bóyá ó ń jẹ nǹkan níbòmíràn. Mo ní rárá. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ń ṣeré lẹ́sẹ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kó àwọn ègé fóòmù tí mo ti gé kù jọ, ó tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ó ní kíláàsì òun ni. Ó ń kọ́ wọn ní orin Faransé. Lẹ́yìn náà ó mú èyí tó kéré jù, ó gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, ó fi í sílẹ̀ níta nínú oòrùn. Mo bi í pé ta ni ìyẹn.

Ó ní, "Èmi ni."

Mo bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi gbé e síta. Ó ní ó ń rùn ni. Kò sunkún, kò wo ojú mi. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Mo gbé òòlù mi sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, mo sì jẹ́ kó máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde nìyí: Tata máa ń fún un ní yovodokó lásìkò gutẹ́, àwọn ìyẹ̀fun róbótó yẹn tí wọ́n ń dín nínú òróró. Tí inú rẹ̀ bá wá dàrú, tí àwọn ọmọ bá di imú, Tata á ní kó lọ jókòó lórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, níta, títí òórùn á fi lọ.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Tata ní kí n má sọ. Ó ní papa kò fẹ́ kí n yó."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, inú ti bí mi lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń gbóná. Ti ọjọ́ yẹn tutù. Mo kàn dìde, mo gbé ègé fóòmù yẹn wọlé, mo fi í sáàárín àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ bí ìṣe wa. Mi ò dúró di ọ̀sán. Bí gutẹ́ ṣe parí, tó sì ti pẹ́ díẹ̀, mo ti dé ibẹ̀. Orin ń dún nínú kíláàsì. Ọmọ mi jókòó lórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń kọ orin náà lọ́tọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, òun nìkan.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Tata jáde wá, ó ti mọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, papa. Òórùn náà ni. Àwọn ọmọ yòókù ò lè gbádùn."

Mo ní, "Kí lo fún un jẹ?"

Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ni mò ń fi bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ju ú lọ dáadáa. Ó gbọ́ pé mo ti mú un kúrò. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé èso, èso, èso, pé òun náà bímọ, àánú ló ṣe òun.

Mo ní, "Àánú lo fi bọ́ ọ. Ṣé àánú náà lo fi lé e síta?"

Dirẹktírìsì ti dé lẹ́yìn mi. Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn mi kò lọ sókè rárá. Ó ní òbí kì í wá sí ẹnu kíláàsì. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wo Tata, ó wo mí, ó sì fi Faransé sọ pé bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí n wá. Mo bi í pé ibo ni irú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn wà ní gbogbo Benin. Ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé, tí oògùn mi bá ń ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ń sọ, kí ló dé tí ọmọ náà fi ń rùn?

Mo lọ síbi ẹ̀rọ omi. Mo ní kí ọmọ dìde, kó di àpò rẹ̀ mú. Mo gbé àga gbọọrọ náà, mo gbé e ru, mo kọrí sí géètì. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì mọ̀ mí sí oníṣẹ́ àga, ó rò pé mo fẹ́ lọ tún un ṣe ni. Ó ṣí géètì fún mi, ó ní kí n kú iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba títì lọ, àga ilé-ẹ̀kọ́ lórí mi, ọmọ mi di etí ṣòkòtò mi mú. Àwọn èèyàn ń kí mi, mò ń lọ. A ti dé ṣọ́ọ̀bù kí n tó rántí pé mo fi alùpùpù mi sílẹ̀ níwájú ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ìyàwó mi dé nírọ̀lẹ́, ó bá àga náà nínú pálọ̀ wa, níbi tí mo gbé e wá. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kì í ṣe ìwọ, nígbà náà. Kì í sì í ṣe èmi." Ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ilé tí Tata yẹn ń gbé. Mo dì í mú. Ó ń ti ọwọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń sọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn sọ sí i, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Mi ò mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Oògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀, oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ póò rẹ̀ sọ òtítọ́ fún wa: ìgbẹ́ dára, inú kò run ún mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìbínú náà tún le sí i, nítorí ó ti wá hàn kedere báyìí pé kò sí ìkankan nínú ìyà yẹn tó pọn dandan. Mo bèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹni tó gbà mí lálejò níbẹ̀ bi mí bóyá àìsàn náà máa ń ran èèyàn, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí n tó fèsì.

Dirẹktírìsì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀. Kò wá nítorí ọmọ. Àga wọn ló wá gbà. Mo fún un ní ìjókòó, mo sì ń kan ìṣó lọ. Nàgó ló sọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ dá àga wa padà fún wa."

Mo ní, "Mà, ẹ dá ọmọ mi padà sínú kíláàsì."

Ó ní Tata ti sunkún púpọ̀. Mo ní ẹkún rẹ̀ kò sí lára ohun tí mo bèèrè. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa apá àga tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi sì ń wò ó láti ẹ̀yìn ìdì fóòmù, ó fẹ́ bi í nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú kíláàsì, ojú ń tì í. Nígbà tó yá ó bi í. Dirẹktírìsì ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń bèèrè rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo máa dá ọmọ yìí padà, ì báà wù mí, ì báà má wù mí.

Àdéhùn tí a ṣe kò pọ̀. Mo lè wá lásìkò gutẹ́ tó bá wù mí, kí n sì wọ inú kíláàsì. Wọn kò ní gbé ọmọ mi síta mọ́ nítorí ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá ṣe. Tí inú bá ń run ún, kí wọ́n pè mí. Dirẹktírìsì kò bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe ń dìde, ó ní, "Ẹ̀yin náà lágídí." Lọ́jọ́ kejì mo gbé àga wọn padà, mo sì mú ọmọ wọ kíláàsì.

Tata ń kí mi, mò ń jẹ́ ẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níjọ́ kan, bí mo ṣe ń nu ẹnu ọmọ lábẹ́ àtíbàbà, ó wá dúró tì wá. Ó bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ọmọ náà lè jẹ yovodokó tí oògùn bá ṣíwájú rẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti lè jẹ ẹ́."

Ó ní, "Mi ò mọ̀."

Mo ti sọ fún un. Mo ti fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un, ní ojúkojú. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, kò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ "má fún un", kò gbọ́ ìyókù. Èyí kò mú kí inú mi rọ̀. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo máa ń dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú jẹlúlù, ọmọ mi á sì jẹ yovodokó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òróró á máa dán létè rẹ̀ bíi ti gbogbo wọn.

Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fún un ní àyà báyìí. Èmi ni mo tú ojúrán rẹ̀, tí mo fi aṣọ kún un lábẹ́ abíyá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo fi ń rán ìjókòó mọ́tò. Ìyàwó mi ní mo rán an bí ẹni ń rán tìmùtìmù. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sí Avrankou nígbà tí a lọ kí ìyá mi, ó kọ̀ láti wọ òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọmọ sókè, ó ní ó ti wúwo, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ ti dá báyìí, kí a jẹ́ kó sinmi oògùn, pé ara ọmọdé kò fẹ́ kẹ́míkà lójoojúmọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú ilé yín gbẹ dáadáa, òjò ò wọlé mọ́. Ṣé kí n gùnkè lọ bá yín ká páànù rẹ̀ kúrò?"

Ojú rẹ̀ le. Ó ní mo ti ń bú àgbà báyìí nítorí pé mo bímọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi gbé oúnjẹ wá, ẹ̀fọ́ àti ẹja díndín, epo pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi ojú wọn epo náà, mo mú jẹlúlù méjì jáde lápò, mo ṣí wọn sórí ọ̀pẹ òyìnbó inú ṣíbí. Ọmọ la ẹnu. Ó gbé e mì, ó mu omi, ó yọ ahọ́n síta kí n lè wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ọ̀nà títí a fi jẹun tán.